Bí Mo Ṣe Fọ Fọ́tò Yèyé Lẹ́ẹ̀mejì

Òtútù ni gbogbo ènìyàn kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Leeds, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo máa ń dúró lójú fèrèsé kí ilẹ̀ mọ́ tán, àfi bíi pé òwúrọ̀ kò fẹ́ parí. Ọ̀sán á dé, bákan náà ló máa rí. Ìrọ̀lẹ́ á tún dé, mi ò sì ní lè tọ́ka sí ìgbà tí ọ̀sán wà níbẹ̀. Nílé wa ní Òṣogbo, bí oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọlé, á fa ìlà sórí sìmẹ́ńtì. Ẹ ó mọ ibi tó dé, ẹ ó sì mọ ibi tí kò dé. Ìmọ́lẹ̀ tibí kò ní ibi tó ti ń bọ̀. Ó kàn wà káàkiri, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ẹ̀kọ.

Mo mẹ́nu ba ìmọ́lẹ̀ nítorí pé òun ni mo fi ń jẹun. Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì nílé, mo sì wá síbí láti kàwé kún un. Nígbà tí ìwé parí, iṣẹ́ tí mo rí ni yíya fọ́tò bàtà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta bàtà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bàtà á wọlé nínú páálí, màá gbé e sórí tábìlì funfun, màá yà á, lẹ́yìn náà màá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, màá máa tún un ṣe títí àwọ̀ rẹ̀ á fi bá ti ojúkojú mu. Bí ẹni tó rà á bá rí i pé àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ó máa dá a padà ni. Nítorí náà, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣeré níbẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Kì í ṣe irọ́. Bàbá mi ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun tí ènìyàn ò sọ. Ó bi mí lórí fóònù bóyá kọ̀ǹpútà náà ń jẹ́ kí n jẹun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa òrùlé ilé ẹ̀yìnkùlé.

Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ilé tí mo háyà yàrá sí. Oníkálukú ló ní pẹpẹ tirẹ̀ nínú fíríìjì, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lára ike mílíìkì rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń jẹun lọ́wọ́ ní kíṣìnnì nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wọlé, mo sì ní kó wá jẹun. Ó wo àwo mi, ó wo ojú mi, ó ní rárá, ó ṣeun, òun ti ra tòun. Ó dà bíi pé ó rò pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun lẹ́yìn náà. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń jẹun nínú yàrá mi. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí i pé ẹnu mi ṣì máa ń fẹ́ sọ ọ́ nígbàkúùgbà tí ẹnikẹ́ni bá kọjá níbi oúnjẹ, mo sì ń gbé e mì.

Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ jù níbi iṣẹ́ ni Marek, ará ilẹ̀ Poland tó ti pẹ́ nídìí kámẹ́rà. Òun ló kọ́ mi ní ètò tí a fi ń fọ fọ́tò tútù. Kí n ṣàlàyé díẹ̀. Bí fóònù bá ya fọ́tò, ó ti sè é jinná kí ẹ tó rí i. Ó ti pinnu bí ojú ṣe máa mọ́ tó àti bí pupa ṣe máa pupa tó, ó sì ti da ohun tó rò pé kò wúlò nù. Kámẹ́rà ńlá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè ṣe òmíràn: ó lè kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ jọ, kó gbé e fún yín ní tútù, bí ẹran tí alápatà ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Fọ́tò tútù ni mo ń pe èyí. Ó máa ń tóbi, ọ̀pọ̀ fóònù ò sì lè ṣí i. Ó gba kí ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà tí á fọ̀ ọ́, bí àwọn onífọ́tò àtijọ́ ṣe ń fọ tiwọn nínú yàrá òkùnkùn.

Méjì ni irú ètò tí mo mọ̀ dáadáa. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ wa ń háyà lóṣooṣù. Ìkejì jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ènìyàn kan káàkiri ayé ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, ẹnikẹ́ni ló sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lójú Marek, kò sí ohun tó yẹ ká máa jiyàn lé lórí níbẹ̀. Ó ní èyí àháyà yára, ó mọ ojú ènìyàn yàtọ̀ sí ara ògiri, bí ẹ bá sì tún fọ́tò kan ṣe, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo yòókù kí ẹ tó mu tíì tán. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà ń lò ó fún bàtà, mi ò sì rí ohun tó dáa jù ú lọ fún bàtà.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ní ọjọ́ kan, Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ pè mí. Àbúrò bàbá mi ni, tíṣà ni ní Iléṣà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Yèyé, ìyá bàbá mi, ń gbé láti ìgbà tí ojú ti ń dùn ún. Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní ojú òsì ti lọ pátápátá. Dókítà ojú sọ pé ọ̀tún náà ń tẹ̀ lé e. Pé oògùn tí àwọn ń kán sí i lè fa ẹsẹ̀ àìsàn náà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò lè dá a dúró. Lẹ́yìn náà ó ní Yèyé fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni Yèyé ń sọ. Ulé ni ó ń pe ilé, uṣu ni ó ń pe iṣu. Ọmọ Òṣogbo tí wọ́n tọ́ ní Òṣogbo ni mí, mi ò sì gbẹ́kẹ̀ lé etí mi tó láti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà bí àwa ṣe máa sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́ síbí.

“Ọkọ mi, fọ́tò tó o yà mí lọ́jọ́ tó o wá sọ pé ó dìgbà, ó wà lọ́wọ́ ẹ?”

Mo ní ó wà.

“Sọ ọ́ di méjì. Fi Kẹ́hìndé sí i. Mo fẹ́ rí i kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú.”

Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì mọ ohun tó ń béèrè. Yèyé ni Táíwò. Ọmọdé ni òun àti Kẹ́hìndé nígbà tí ibà mú Kẹ́hìndé lọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kò sì sí ẹni tó ní kámẹ́rà nítòsí nígbà náà. Nígbà tó dàgbà, ó fẹ́ bàbá àgbà mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó sì bá a lọ sí Òṣogbo. Onífọ́tò kan wà níbẹ̀ tó gbọ́ pé ìbejì ni ìyàwó tuntun yìí. Ó ní kó jókòó sápá òsì bẹ́ǹṣì, ó yà á. Ó ní kó sún sápá ọ̀tún, ó tún yà á. Ó wá fọ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà yẹn nìyẹn. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ, èyí tó kù ni wọ́n ń yà fún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí bàbá àgbà fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé fọ́tò yẹn padà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, òun ló sì wà lára ògiri pálọ̀ wọn níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́mọdé. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: ọmọge méjì tí ojú wọn le bákan náà, tí ìró wọn dọ́gba. Lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Òjò ọdún kan wọ inú gíláàsì, ó sì fọ àwọn méjèèjì lọ. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì nìkan ló kù, àti etí aṣọ díẹ̀. Yèyé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò lára ògiri.

Mo ti ya fọ́tò tí Yèyé ń sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì rí i. Ìgbà ọyẹ́ ni, mo sì ti yá kámẹ́rà ọ̀rẹ́ mi kan tó fi dá mi lójú pé tútù ló dára jù. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Àǹtí Bọ́sẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní fóònù òun ń sọ pé òun ò mọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Mo ní màá fọ̀ ọ́ bí mo bá ráyè. Lẹ́yìn náà ni mo wá síbí.

Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé wọn jáde. Mi ò retí ohun tí wọ́n ṣe sí mi. Yèyé jókòó ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́ tánganran lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti bò ó débi pé bí ẹni tí kò mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀ bá wò ó, á rò pé ojú ọ̀run ló dọ̀tí. Ilẹ̀ pupa. Eruku pupa náà ti gun ara ògiri dé ibi fèrèsé. Mo rántí pé mo ní kó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí bóyá eyín ni òun ń tà. Mo rántí òórùn igi tí wọ́n ń dá. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní Leeds, imú mi sì ń wá òórùn náà.

Èyí àháyà ni mo kọ́kọ́ fi ṣí i, nítorí pé òun ni ọwọ́ mi mọ̀. Mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè fúnra rẹ̀ tún fọ́tò ṣe. Kò pẹ́ rárá. Ó rí i pé pupa pọ̀ jù, ó sì yọ ọ́. Ó rí i pé eruku wà lójú ọ̀run, ó nù ún kúrò. Ilẹ̀ di eérú, ara ògiri di funfun, ojú Yèyé sì rí bí ojú ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀. Ó ti sọ Ìmẹ̀sí-Ilé di Leeds.

Mo fi han Marek ní ọjọ́ Ajé. Ó ní ó dára gan-an, ó mọ́ tónítóní. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀, nígbà tí ojú ènìyàn máa ń gbàgbé àwọ̀ kíákíá, tí kọ̀ǹpútà sì ń ka nọ́ńbà? Ìbéèrè tó dáa ni. Bóyá ohun tí mo pè ní àwọ̀ ilé kàn jẹ́ àárò ilé ni. Ní ìsinmi ọ̀sán, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo gbé ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú Yèyé lára kọ̀ǹpútà. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé àwọ̀ rẹ̀ ni mo gbé. Mo rò pé ara mi á fi òótọ́ hàn mí. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé yẹn, ọwọ́ mi pàápàá ti ṣú, ó dà bí igi tí iná kú lára rẹ̀. Ara mi kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ilé mọ́. Ó ti ń gba àwọ̀ ibi tó wà.

Mo pa ọ̀rọ̀ àwọ̀ tì fún ìgbà díẹ̀, mo sì ro ti Kẹ́hìndé. Mo rò ó bí mo ṣe máa ń ro nǹkan. Ọmọdé ni Kẹ́hìndé nígbà tó kú. Bí mo bá fi Yèyé arúgbó sí ipò rẹ̀, irọ́ ni; ojú tí kò ní láyé rí ni mo fún un. Onífọ́tò àtijọ́ kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé ọmọge ṣì ni Yèyé nígbà náà. Ètò àháyà sì ní ohun kan tó lè dín ọjọ́ orí ojú kù. Ẹ kàn máa fà á sọ́tùn-ún, ìhunjọ á máa lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa le. Mo ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà, mo fà á títí ojú náà fi di ti ọmọ ogún ọdún. Mo gbé òun àti Yèyé jókòó tira wọn. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé inú mi dùn sí ara mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí Iléṣà.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i, ó sì pè mí pẹ̀lú fídíò. Ó ní mo kú iṣẹ́, mo ti sọ Yèyé di sìsí. Ó gbé fọ́tò náà sórí fóònù rẹ̀ kejì, ó fi lé Yèyé lọ́wọ́. Yèyé gbé e sún mọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀.

“Ọmọ ta lẹ gbé jókòó tì mí?”

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní Kẹ́hìndé ni. Yèyé mi orí. Mo ṣàlàyé fún un bí mo ṣe rò ó, pé Kẹ́hìndé ò dàgbà, pé mi ò fẹ́ fi ọjọ́ orí tí kò lò kọ́ ọ lọ́rùn. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Ọkọ mi, ìwé tó o kà pọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló ní kí n lọ tọ́ ayé wò wá. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ni mí. Ṣé ìránṣẹ́ á wá darúgbó kí ẹni tó rán an tó darúgbó?”

Gbogbo ọmọ Yorùbá ló mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo kàn rò pé ikú ti yí i padà ni. Lójú Yèyé, kò yí i padà. Gbogbo ọdún tí òun lò, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jọ lò ó, èmi sì ti lọ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ Kẹ́hìndé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ fẹ́ bá mi wá ọ̀nà àbáyọ. Ó rọra sọ fún ìyá rẹ̀ pé bóyá kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé sílẹ̀, kí n fọ ti Yèyé nìkan, nítorí pé bí pásítọ̀ bá wá kí wọn tó rí i lára ògiri, ó lè rò pé nǹkan ìbọ ni.

“Ṣé pásítọ̀ ló bá mi gbé inú ìyá mi?” ni Yèyé wí. Lẹ́yìn náà ó ní kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ bá òun kán oògùn sójú, torí àkókò ti tó.

Bí ó ṣe gbé orí sẹ́yìn tí wọ́n ń kán an ni mo rí i pé ojú ọ̀tún náà ti ń ṣe bí kùrukùru. Èrò mi tẹ́lẹ̀ ni pé ó ṣì dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní màá tún un ṣe. Yèyé ní kí n má pẹ́.

Níbẹ̀ ni mo ti gbé èyí ọ̀fẹ́ jáde. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ó jẹ́ ohun ìyanu. Ó le. Àwọn tó ṣe é kọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ẹnjiníà ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì pọ̀ débi pé ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Lórí kọ̀ǹpútà mi tó ti gbó, ó máa ń dúró gbọnrangandan láàárín iṣẹ́, màá sì lọ se omi kó tó jí. Bí nǹkan bá dojú rú, kò sí ẹni tí ẹ máa pè. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan tó wù mí: kò ní èrò tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣí fọ́tò, á gbé e síwájú yín bó ṣe rí, ní ṣíṣókùnkùn, ní bíbàjẹ́, á sì dúró kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí fọ́tò ewúrẹ́. Èyí àháyà ti ṣa àwọn fọ́tò náà fún mi, ó ti kó àwọn tó rò pé kò dára sẹ́yìn, mi ò sì tíì wò wọ́n. Èyí ọ̀fẹ́ kò ṣa nǹkan kan. Ó tò wọ́n bí mo ṣe yà wọ́n. Nínú ọ̀kan, ewúrẹ́ kan ti wá sídìí abọ́ ẹ̀gúsí, Yèyé sì yí ojú sí i láti lé e. Ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ kò sí nínú fọ́tò, àfi òjìji ìwo rẹ̀ nílẹ̀. Ojú Yèyé le, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Gbogbo ìhunjọ ojú rẹ̀ ló jáde. Ó sì ṣókùnkùn púpọ̀, torí pé ó ti yí kúrò lápá ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Tó bá jẹ́ fóònù ni mo fi yà á ni, ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Ibi tó bá ti dúdú nínú fọ́tò fóònù, ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Bí ẹ bá tan iná sí i, eruku lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò tútù, ohun tó wà nínú òkùnkùn ṣì wà níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà pélé tó wà lára rẹ̀, lẹ́yìn náà irun funfun tó yọ jáde lábẹ́ gèlè, lẹ́yìn náà ojú. Obìnrin kan tí mi ò rí rí ló ń jáde bọ̀. Yèyé ni, mo sì mọ̀ pé Yèyé ni, ṣùgbọ́n ó dàgbà ju Yèyé lọ, ó sì le ju Yèyé lọ. Bí mo bá gbé e sápá ọ̀tún, á dà bíi pé Táíwò ló ń wò, bí ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra jù nídìí ẹ̀gúsí.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, bí ẹ bá fẹ́ mọ àwọ̀ tòótọ́, ẹ máa wá ohun kan nínú fọ́tò tó yẹ kó jẹ́ funfun, ẹ máa sọ fún ètò pé funfun nìyí, á sì fi ìyẹn ṣe atọ́nà fún gbogbo yòókù. Abọ́ tánganran Yèyé wà níbẹ̀, funfun ni. Mo tẹ̀ ẹ́. Abọ́ di funfun lóòótọ́, ọyẹ́ sì parẹ́. Mo jókòó, mo ń wò ó. Òfin iṣẹ́ wa tọ̀nà fún bàtà. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ilé Yèyé, ní ìgbà ọyẹ́, abọ́ funfun kì í ṣe funfun; ó máa ń rí bí àwọ̀ ògì bàbà tí wọ́n po mọ́ omi púpọ̀. Mo dá pupa padà, mo ń dá a padà títí abọ́ náà fi rí bí mo ṣe rántí rẹ̀, mo sì fi í síbẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rí kankan tí mo lè fi han Marek. Ìrántí ni mo gbà gbọ́, mo sì mọ̀ pé ìrántí lè parọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn náà ti parọ́ lójú mi, irọ́ tirẹ̀ sì ti sọ ilé wa di ibòmíràn.

Àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò tútù máa ń sọ pé òun ni òtítọ́. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Tútù kì í ṣe ọbẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró nídìí iná, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ mọ adùn tó ń wá. Ohun tí mo lè fi yìn ín ni pé ó ń fún ènìyàn láyè láti ṣàṣìṣe. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí kò dára, ojúlówó rẹ̀ kò yí padà. Ètò kàn ń kọ ohun tí ẹ ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ẹ lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ó ti ṣe mí rí bíi kí n fi ara mi wé e, kí n sọ pé abẹ́ gbogbo ohun tí ìlú yìí ń ṣe sí mi, ọmọ Òṣogbo tútù kan wà níbẹ̀ tí nǹkan kan ò kàn. Ó dùn ún sọ. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wò ó, kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn kò ní ojúlówó tó fi pamọ́ síbì kan. Ohun tí wọ́n bá ti fọ̀ nínú mi ti fọ̀ nìyẹn.

Irú ètò yìí, ti ọ̀fẹ́ o, ti àháyà o, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fọ fọ́tò; kì í ṣe iṣẹ́ wọn láti so méjì pọ̀. Ètò mìíràn tí mo fi so ti ìṣáájú ni mo fi so fọ́tò ewúrẹ́ mọ́ èyí tí Yèyé ti ń bó ẹ̀gúsí. Níbi tí abọ́ ti pàdé abọ́, mo gbìyànjú títí ìlà náà kò fi hàn mọ́. Mo fi òjìji ìwo ewúrẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Marek bá mi níbi tí mo ti ń wò ó ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ó tẹ̀ síwájú, ó bi mí bóyá ẹnì kejì jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dà bíi pé inú ń bí i. Mo ní bí àwọn ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń ṣe ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀gbọ́n òun náà rí bẹ́ẹ̀ ní Poland, ó sì fa àga, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀ pupa náà. Kò sọ pé kí n yọ pupa kúrò.

Mi ò fi èyí ránṣẹ́ sórí fóònù. Bàbá mi ni mo fi ránṣẹ́ sí, ó sì lọ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ńlá ní Òṣogbo, ó fi férémù sí i. Ó ní ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́ fẹ́ bá a mú un mọ́lẹ̀ sí i, kó dín eruku kù, òun sì ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, ọmọ òun ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ohun lásán, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, fọ́tò wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìwé ìròyìn dì í.

Wọ́n pè mí nígbà tó dé. Oòrùn ọ̀sán wọ pálọ̀ Àǹtí Bọ́sẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, Yèyé sì ní kí wọ́n gbé àga òun síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Bàbá mi tú ìwé ìròyìn, ó di férémù mú síwájú ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ kó lè bá ojú rẹ̀ dọ́gba. Yèyé fi ọwọ́ bo ojú òsì tí kò ríran mọ́. Ó gbé ọ̀tún sún mọ́ gíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó rìn ín láti orí dé abọ́ ẹ̀gúsí. Ó sún díẹ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ èkejì, ó sì dúró síbẹ̀.

Mo ń gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń mí.

“Kẹ́hìndé,” ni Yèyé wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ti ọmọdé, “ìwọ náà ti darúgbó.”

Bàbá mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àǹtí Bọ́sẹ̀, tó ti ń wo ibi tí wọ́n lè fi kọ́ sí tí kò ní hàn jù láti ẹnu ọ̀nà, dá ọwọ́ dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó bi ìyá rẹ̀ bóyá kí òun gbé e kọ́.

“Dúró ná,” ni Yèyé wí. “A ò tíì kí ara wa tán.”

Wọ́n gbé àga mìíràn wá, wọ́n fi férémù tì í, Yèyé sì fa àga náà mọ́ra. Bàbá mi gbé fóònù sórí tábìlì, ó gbàgbé láti pa á. Láti ibi tó wà, mo rí ẹ̀gbẹ́ àga méjèèjì àti oòrùn tó fa ìlà sílẹ̀ láàárín wọn. Mo ń gbọ́ ohùn Yèyé, mi ò sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo gbé fóònù tèmi ti ife tíì, mo sì jókòó tì wọ́n.